Ilé Tí A Fi Òru Kọ́

Àwọn baba wa a máa wí pé, ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Òwe yìí wúlò púpọ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ wo ilé àtijọ́, pàápàá jùlọ ilé Ọlọ́run. Ojú a máa tètè rí ọ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n kì í tètè rí ọwọ́ tí ó ṣe é. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mo fẹ́ kí ẹ bá mi kálọ sí ìlú kan tí ó jìnnà sí ilẹ̀ wa, ṣùgbọ́n tí ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn wa wà nínú rẹ̀, kí a jọ wọ àwọn ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà ibẹ̀, kí a sì jọ béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo: ta ni ó kọ́ wọn?

Salvador ni orúkọ ìlú náà, ní ìpínlẹ̀ Bàhíà, ní ilẹ̀ Bùràsíl. Àwọn Potogí ni ó tẹ̀ ẹ́ dó ní ọdún 1549, òun ni ó sì jẹ́ olú-ìlú ilẹ̀ náà títí di ọdún 1763. Apá kan ìlú náà wà ní etí òkun, apá kejì wà lórí òkè. Ìsàlẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń já ẹrù àti ẹrú, láti ibẹ̀ ni a sì ti ń kó wọn gòkè. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ Yorùbá, tí wọ́n ń pè ní Nàgó níbẹ̀, ni a tà sí ìlú yìí, pàápàá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún nígbà tí ogun ń jà ní ilẹ̀ wa. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, kò pẹ́ tí mo fi rí ojú tí ó jọ ojú àwọn ará ilé mi ní ìgboro.

Kàtídírà ni mo kọ́kọ́ wọ̀. Àwọn àlùfáà ẹgbẹ́ Jésúìtì ni ó kọ́ ọ fún ara wọn, ó sì parí ní ọdún 1672. Òkúta tí ó wà ní iwájú rẹ̀ kì í ṣe òkúta Bùràsíl rárá; láti ilẹ̀ Potogí ni a ti fi ọkọ̀ gbé e wá. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1759, ọba Potogí lé ẹgbẹ́ alágbára náà kúrò ní gbogbo ilẹ̀ rẹ̀, ilé wọn sì di ti bíṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn náà. Kò jìnnà sí ibẹ̀ ni kàtídírà àtijọ́ wà rí. Ní ọdún 1933 ni a wó ìyẹn lulẹ̀, kí ọkọ̀ tí ń rìn lórí irin lè rí ọ̀nà gbà. Ẹ kíyè sí i pé òkúta nìkan kò lè dá ilé dúró, bí ó ti wù kí ó le tó.

Ní ìwájú díẹ̀ ni ṣọ́ọ̀ṣì Fransis Mímọ́ wà, èyí tí a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní ọdún 1708. Bí mo ti wọlé, ńṣe ni mo dúró sójú kan. Pákó tí a fín ọnà òdòdó, ẹyẹ àti áńgẹ́lì sí lára ni ó bo ògiri títí dé àjà, wúrà tí a lù títí ó fi fẹ́lẹ́ ju bébà lọ ni a sì fi bo pákó náà. Ibi gbogbo ni ó ń kọ yẹ̀rì. Bẹ́ẹ̀ ni Fransis Mímọ́ tí a fi orúkọ rẹ̀ pe ilé yìí yan òṣì fún ara rẹ̀, tí ó sì kọ̀ fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ láti gba owó. Ní àgbàlá àwọn àlùfáà, a to àwọn amọ̀ dídán aláwòrán tí ó ti ilẹ̀ Potogí wá sára ògiri. Inú ọ̀rọ̀ Horace, akéwì Róòmù àtijọ́, ni a ti mú àwòrán wọn, láti kìlọ̀ fún ènìyàn nípa ìfẹ́ owó àti nípa ikú tí kì í dá olówó sí. Nítorí náà, ògiri àgbàlá ń wàásù, ògiri inú ilé sì ń dán. Ní àkókò náà, ẹrú ni ó ń wa wúrà nínú odò àti kòtò ilẹ̀ Bùràsíl.

Lẹ́yìn ìgbà tí mo lọ, ní ọjọ́ 5 oṣù Kejì ọdún 2025, apá kan nínú àjà olówó iyebíye náà já lulẹ̀, ó sì pa ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ó wá wò ó. Ìròyìn náà bà mí nínú jẹ́ gidigidi. Wúrà kò mọ bí a ti í di òrùlé mú.

Láti ibẹ̀, ọ̀nà olókùúta sọ̀ kalẹ̀ sí àdúgbò Pelourinho. Òpó tí a ń so ènìyàn mọ́ láti nà án ní gbangba ni ìtumọ̀ orúkọ náà, irú òpó bẹ́ẹ̀ sì wà níbẹ̀ rí. Ní ẹ̀gbẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà ni ṣọ́ọ̀ṣì kan tí a kùn ní àwọ̀ búlúù dúró sí, èyí tí a ń pè ní Ṣọ́ọ̀ṣì Ìyá Wa ti Rósárì, ti Àwọn Ènìyàn Dúdú. Ní ọdún 1685 ni àwọn ènìyàn dúdú, àti ẹrú àti òmìnira, dá ẹgbẹ́ Rósárì sílẹ̀. Àwọn ará Àǹgólà ni ó pọ̀ jù nínú wọn ní ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n a máa dá owó jọ láti sin òkú, láti tọ́jú aláìsàn, àti láti ran ẹni tí ó fẹ́ ra ara rẹ̀ padà lọ́wọ́. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Ní ọdún 1704 ni ọba Potogí fún wọn ní ilẹ̀ tí wọn yóò kọ́ ilé sí. Ṣùgbọ́n ẹrú kò ni ọ̀sán. Olówó rẹ̀ ni ó ni ín. Nítorí náà, nígbà tí iṣẹ́ olówó wọn bá tán ni wọ́n tó ń bẹ̀rẹ̀ tiwọn, ní òru àti ní ìwọ̀nba àkókò ìsinmi wọn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgọ́rùn-ún ọdún kí ilé náà tó parí. Ẹ rò ó wò! Ẹni tí ó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ kò rí òrùlé, ọmọ rẹ̀ pàápàá lè má rí i, síbẹ̀ wọn kò jáwọ́. Nínú ilé náà, mo rí ère Benedict Mímọ́, ẹni tí a bí ní Sísìlì fún àwọn òbí ẹrú láti Áfíríkà. Ìtẹ́ òkú àwọn ẹrú wà lẹ́yìn ilé. Ẹgbẹ́ náà kò kú. A sì ń lu ìlù ní Máàsì ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun níbẹ̀.

Ìtàn yìí kò dá dúró sí òkè òkun. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn Nàgó kan gba òmìnira, wọ́n sì wọkọ̀ padà sí Èkó pẹ̀lú ìgbàgbọ́ àti iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n kọ́. Àwọn ni a pè ní Àgùdà, láti ọ̀dọ̀ wọn sì ni Ìjọ Kátólíìkì ti gba orúkọ yìí lẹ́nu wa. Kí àlùfáà tó wá bá wọn gbé, ọ̀kan nínú àwọn òmìnira náà, tí wọ́n ń pè ní Padre Antonio, ni ó ń kó wọn jọ fún àdúrà. Nígbà tí a ó kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Àgbélébùú Mímọ́ àkọ́kọ́ ní Èkó, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ Àgùdà, Lazaro Borges da Silva àti Francisco Nobre, ni ó ṣe iṣẹ́ náà.

Ẹnìkan lè bi mí pé, ṣé kí a wá kórìíra wúrà inú ṣọ́ọ̀ṣì Fransis ni? Rárá o. Ọwọ́ tí ó fín ọnà náà kò dẹ́ṣẹ̀, ọnà náà sì dára. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi wúrà bo igi, tí ó sì fi irin bọ ọmọnìkejì rẹ̀ lọ́rùn, kò tíì mọ ohun tí ilé Ọlọ́run jẹ́. Bí a ti bí ẹrú ni a bí ọmọ. Àwọn olówó ẹrú ń gbọ́ ìwàásù ní ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, síbẹ̀ ọdún 1888 ni fífi ènìyàn ṣe ẹrú tó di èèwọ̀ pátápátá ní ilẹ̀ Bùràsíl.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, nígbà tí ẹ bá dúró níwájú ilé ńlá kan, ìbáà ṣe ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, ààfin tàbí ilé-ẹ̀kọ́, ẹ má ṣe béèrè orúkọ ẹni tí ó pàṣẹ nìkan. Ẹ béèrè ẹni tí ó pọn omi àti ẹni tí ó ru òkúta, kí ẹ sì bi àwọn àgbà ìlú yín kí ìdáhùn tó kú mọ́ wọn nínú. Àwọn tí kò ní ju òru lọ fi òru kọ́ ilé fún ara wọn àti fún àwọn ọmọ tí wọn kò ní rí. Ẹ̀yin tí ọ̀sán jẹ́ tiyín, ẹ má ṣe fi í ṣòfò.