Ohun Tí Etí Akọ̀wé Gbọ́

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ohùn, àkọtọ́ àti oríkì ni ẹ sábà máa ń bá pàdé lọ́dọ̀ mi. Lónìí, ọ̀rọ̀ ogun àti ààbò ni mo gbé wá. Kì í ṣe pé mo ti di ọmọ-ogun o. Ọ̀rọ̀ orúkọ ni, orúkọ ìlú mi, Ìmẹ̀sí-Ilé, ó sì kan iṣẹ́ tí mo fi gba oyè ọ̀mọ̀wé gan-an. Ìtìjú díẹ̀ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ni mo fẹ́ kí ó ṣe láǹfààní.

Ní ọdún 2021, ẹ̀gbọ́n ìyá mi papòdà ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Ní àkókò náà, ẹ̀rù àwọn ajínigbé ń ba àwọn arìnrìn-àjò káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Ọdún kan ṣáájú, ní oṣù kìíní ọdún 2020, ni àwọn gómìnà ìpínlẹ̀ mẹ́fà tí ó wà ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù ṣe ìfilọ́lẹ̀ Àmọ̀tẹ́kùn ní Ìbàdàn. Ẹbí wa péjọ sí Iléṣà láti ṣètò ìsìnkú. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó kù: ṣé kí àwọn tí ó ń gbé ẹrù àti owó oúnjẹ lọ sílé gbéra ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, tàbí kí wọ́n dúró di òwúrọ̀?

Ẹ̀gbọ́n wa àgbà yí ojú sí mi, ó ní, "Dókítà, ìwọ ni o mọ kọ̀ǹpútà. Bá wa wò ó bóyá ọ̀nà Ìmẹ̀sí dára."

Inú mi dùn. Mo ṣí kọ̀ǹpútà mi láàrin pálọ̀, mo wọ inú àkójọ ìròyìn méjì tí àwọn onímọ̀ ètò ààbò fi ń ṣe àkọsílẹ̀ ìkọlù àti ìpànìyàn ní ilẹ̀ Áfíríkà. Mo tẹ orúkọ ìlú wa sínú àpótí àwárí. Kò sí ohun kan. Mo tún tẹ̀ ẹ́, kò sí ohun kan. Mo bá dáhùn pé, "Bùọ̀dá, ẹ má mikàn. Kò sí wàhálà kankan lójú ọ̀nà yẹn."

Wọ́n gbéra ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn olè dá wọn lọ́nà nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú. Wọ́n gba owó oúnjẹ, wọ́n sì fi ìdí ìbọn ṣẹ́ ọmọ ìyá àgbà mi lápá. Ọlọ́run yọ ẹ̀mí. A sin òkú wa, a dúpẹ́, kò sì sí ẹni tí ó bá mi wí. Ìyá mi nìkan ni ó sọ gbólóhùn kan, ohùn rẹ̀ kò tilẹ̀ le: "Àwọn onímọ́tò ní gáréèjì ti mọ̀ láti ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá. A kò bi wọ́n ni."

Gbólóhùn yẹn kò jẹ́ kí n sùn. Mo padà sí ẹnu iṣẹ́, mo sì pinnu láti mọ ohun tí mo ṣe tí kò dára. Ohun tí mo rí nìyí.

Èkínní, mo fi ẹnu ara mi wá ohun tí etí ẹlòmíràn gbọ́. Ẹ̀rọ kì í gbọ́ ohùn. Lẹ́tà ni ó ń fi wé lẹ́tà. Bí mo bá kọ "Ìmẹ̀sí-Ilé" pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀ bí ó ti tọ́, tí akọ̀wé tí ó wà lókè òkun sì ti kọ "Imesi Ile" láìsí àmì, tàbí "Imesile" láìsí àlàfo, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ yóò sọ pé a kò jọ mọ ara wa rí. Ó tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: kọ̀ǹpútà ní ju ọ̀nà kan lọ tí ó ń gbà tọ́jú lẹ́tà tí ó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀ bíi ẹ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ méjì tí ó rí bákan náà lójú wa lè yàtọ̀ pátápátá nínú ẹ̀rọ. Èmi tí mo ń nà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní pàṣán nítorí àmì ohùn ni mo wá kọ́ pé, bí a bá ń ṣe àwárí, kí a kọ́kọ́ bọ́ àmì sílẹ̀, kí a sì gbìyànjú gbogbo ọ̀nà tí àlejò lè gbà kọ orúkọ náà: Ilesa àti Ilesha, Osogbo àti Oshogbo.

Ìtàn ìlú wa gan-an ti kọ́ wa bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1878 láàrin Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀. Ìbàdàn pàgọ́ sí apá Ìgbájọ, Èkìtì Parapọ̀ pàgọ́ sí Ìmẹ̀sí-Ilé, Ògèdèǹgbé Iléṣà sì ni olórí ogun wọn. Ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹsàn-án ọdún 1886 ni a kéde àlàáfíà. Kí ni "Kírìjì" fúnra rẹ̀? Ìró ìbọn ńlá ni. Etí ni ó sọ ogun náà lórúkọ! Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá tẹ "Kiriji" sínú kátálọ́ọ̀gì ilé ìpamọ́-ìwé ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà ní Kew lè rò pé ogun náà kò fi ẹsẹ̀ kan ibẹ̀. Irọ́ ni. Àwọn lẹ́tà tí gómìnà Èkó kọ wà nínú ọ̀wọ́ tí a ń pè ní CO 147, tí ó bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1861 títí dé 1906. Kátálọ́ọ̀gì sábà máa ń júwe àpótí, kì í sọ ohun gbogbo tí ó wà nínú rẹ̀. Ìwé tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ jáde ní ọdún 1887 lórí ogun yìí, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ C.4957, kò ní "Kiriji", "Ekitiparapo" tàbí "Yoruba" pàápàá nínú àkọlé rẹ̀. Ogun láàrin àwọn ẹ̀yà ìbílẹ̀ tí ń gbé àárín ilẹ̀ ni wọ́n pè é. Samuel Johnson, tí òun àti Charles Phillips jọ ṣe alárinà àlàáfíà náà, pe ìlú wa ní "Mesin Ipole" nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ ní ọdún 1921. Ta ni yóò ronú láti tẹ ìyẹn?

Èkejì, orúkọ a máa yí padà pẹ̀lú ìjọba. Ní oṣù kìíní ọdún 2017, àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, CIA, gbé àwọn ìwé àṣírí àtijọ́ rẹ̀ tí a ń pè ní CREST sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó lé ní mílíọ̀nù méjìlá ojú ìwé. Ṣáájú ìgbà náà, ẹni tí ó bá fẹ́ kà wọ́n ní láti lọ sídìí kọ̀ǹpútà díẹ̀ ní College Park ní Maryland. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan tẹ "Osun State" síbẹ̀ láti wá ìròyìn nípa rògbòdìyàn "wẹtiẹ" tí ó tẹ̀lé ìbò ọdún 1965. Báwo ni yóò ṣe rí i? Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ọdún 1991 ni a dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀. Ní ọdún 1965, Western Region ni a wà; ní 1967, Western State; ní 1976, Oyo State. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ; ọdún ni kí a kọ́kọ́ wò kí a tó tẹ orúkọ ìlú.

Ẹ sì ṣọ́ra fún orúkọ tí ó jọra. Òkèmẹ̀sí wà, Ìmẹ̀sí-Èkìtì wà, Ìmẹ̀sí tiwa sì wà. Bí ẹ bá tẹ "Imesi" nìkan, ọmọ wẹ́wẹ́ ni ẹ lè bá pàdé dípò ogun, nítorí ní ìparí àwọn ọdún 1950 ni Dókítà David Morley, láti ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, ń wọn àwọn ọmọ ìlú wa lórí ìwọ̀n láti mọ bí wọ́n ṣe ń dàgbà. Èyí ni ó sọ orúkọ wa di mímọ̀ láàrin àwọn oníṣègùn àgbáyé. Mo yangàn nígbà tí mo rí i, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí mo ń wá.

Ẹ̀kẹta ni ó dùn mí jù. Asẹ́ ni àkójọ ìròyìn kọ̀ọ̀kan, ihò asẹ́ wọn kò sì dọ́gba. UCDP, ti Yunifásítì Uppsala ní Sweden, kì í ka ìjà mọ́ ogun tó ń lọ lọ́wọ́ àyàfi bí ẹ̀mí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n bá bá a lọ láàrin ọdún kan. Global Terrorism Database, ti Yunifásítì Maryland, tí ó bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1970, ń wá ìkọlù tí ó ní ète òṣèlú, ẹ̀sìn, ètò ọrọ̀-ajé tàbí ti àwùjọ nínú. ACLED, tí ó ń tọ́jú ìròyìn ilẹ̀ Áfíríkà láti ọdún 1997, ń ka ìwà ipá òṣèlú àti ìwọ́de. SIPRI ní tirẹ̀ ń ka títà àti rírà àwọn ohun ìjà ńláńlá láti ọdún 1950. Nínú gbogbo wọn, asẹ́ wo ni yóò dá olè ojú ọ̀nà dúró, ẹni tí ó gba owó oúnjẹ òkú? Yóò jò lọ ni. Ibi tí mo ti wá a kì í ṣe ibi tí ó ń gbé.

Bí ìròyìn náà bá tilẹ̀ wọlé, ó lè má jókòó sí ìlú wa. Bí ìwé ìròyìn kò bá dárúkọ ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀ ní pàtó, ACLED lè fi ìṣẹ̀lẹ̀ náà sí ìlú tí ó wà nítòsí tàbí olú-ìlú ìpínlẹ̀, kí wọ́n sì fi nọ́ńbà kan sọ bí ibi náà ti dájú tó. Lẹ́yìn ìsìnkú, mo padà sí ọ̀kan nínú àkójọ méjì tí mo kọ́kọ́ wò. Èmi kò tẹ orúkọ ìlú kankan mọ́. Mo mú ìpínlẹ̀ àti oṣù mẹ́fà, mo sì ka àlàyé kúkúrú tí ó wà níwájú ìṣẹ̀lẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Wákàtí kan kò pé tí mo fi rí ìkọlù kan lójú ọ̀nà kan náà, lábẹ́ orúkọ ìlú mìíràn. Ó ti wà níbẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ tí mo sọ pé kò sí nǹkan.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, kí ẹ tó tẹ ohunkóhun, ẹ ka ìlànà tí àkójọ náà fi ń yan ohun tí ó ń kọ sílẹ̀. Ẹ kọ gbogbo orúkọ àti àkọtọ́ tí ìlú náà ti ní sórí pépà. Ẹ fi ọjọ́ àti agbègbè wá a, kì í ṣe orúkọ nìkan. Ẹ wo ju àkójọ kan lọ, nítorí ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bí ẹ̀rọ bá sì sọ pé kò sí, ẹ má ṣe sọ fún ẹnikẹ́ni pé kò ṣẹlẹ̀. Ohun tí ẹ lè fi ọkàn mímọ́ sọ ni pé, "Mi ò rí i níbi tí mo wò."

Apá ọmọ ìyá àgbà mi ti san, ṣùgbọ́n kò nà tán mọ́. Nígbàkígbà tí mo bá ń lọ sílé nísinsìnyí, mo máa ń ka ohun tí ó wà nínú àwọn àkójọ náà dáadáa. Lẹ́yìn náà, mo máa ń dúró ní gáréèjì ní Iléṣà, mo máa ń kí àwọn onímọ́tò, mo sì máa ń béèrè bí ọ̀nà ṣe rí. Abéèrè kì í ṣìnà.

Ó di ìgbà kan ná. Ire o.