Ìwọ Yan Ihò, Kí Kámẹ́rà Yan Àkókò

Tíṣà ilé-kéú ni mí, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé kámẹ́rà onífíìmù kọ́ ọrùn níbi wòlímọ̀ àwọn ọmọ wa. Àwọn ọmọ a máa bi mí pé, "Àáfà, ṣé kámẹ́rà yín ló ń ṣe gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni?" Èsì mi ni pé ìdajì ló ń ṣe, ìdajì tó kù wà lọ́wọ́ ẹni tó dì í mú.

Nikon FE ni mo ń lò, irú èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní ọdún 1978. Nǹkan méjì ló ń pinnu ìmọ́lẹ̀ tó máa kan fíìmù. Èkíní ni ihò inú léǹsì, tó ń fẹ̀ tó sì ń sún kì bí ọmọlójú ẹni. Èkejì ni iye àkókò tí aṣọ ìkélé iwájú fíìmù fi ń ṣí. Bí mo bá ti yí ti àkókò sí AUTO, èmi ni mo ń yan ihò, kámẹ́rà a sì yan àkókò tó bá a mu. Abẹ́rẹ́ kékeré kan, tí mò ń rí bí mo bá fojú sí kámẹ́rà, ló ń sọ èyí tó yàn fún mi.

Nọ́ńbà ara léǹsì a máa rú ènìyàn lójú: 2, 2.8, 4, 5.6, 8, 11, 16. Bí nọ́ńbà ṣe ń ga ni ihò ń kéré, nítorí ìpín ni. Pín léǹsì 50 mm sí ọ̀nà 2, ihò jẹ́ 25 mm. Pín in sí 16, ó lé díẹ̀ ní 3 mm. Ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń dín ìmọ́lẹ̀ kù sí ìdajì, kámẹ́rà a sì fi ìlọ́po méjì àkókò dí i.

Ọ̀rọ̀ ihò kì í ṣe tuntun. Ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, Ibn al-Haytham, ọmọ Basra tó gbé ní Cairo, kọ ọ́ ní èdè Lárúbáwá pé bí òṣùpá bá bo apá kan oòrùn, ìmọ́lẹ̀ tó gba ihò kékeré kọjá a rí bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Bí ihò bá fẹ̀ jù, ìrísí yẹn a pòórá. Ihò tirẹ̀ kò ní léǹsì, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan náà ni: bí ihò ṣe tó ní í sọ bí àwòrán ṣe máa rí.

Bí mo bá fẹ́ ọmọ kan ṣoṣo pẹ̀lú wàláà rẹ̀, mo yan 2. Ojú rẹ̀ a mọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ a dà bí kùrukùru. Ti ẹbí kò rí bẹ́ẹ̀. Níbi wòlímọ̀ kan, ìyá àgbà kan kọ̀ láti bọ́ síwájú, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn gbogbo ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀. Mo yan 11. Nígbà tí ìyá náà jáde láyé, kò sí àwòrán mìíràn tí wọ́n ní. Wọ́n sọ ọ́ di ńlá, ojú rẹ̀ sì mọ́ gaara.

Ṣùgbọ́n lábẹ́ igi, 11 lè fa abẹ́rẹ́ wá sí 15, ìyẹn ìdá kan nínú 15 ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọwọ́ ń gbọ̀n. Àwòrán a di bàìbàì. Èmi a ṣí ihò títí abẹ́rẹ́ yóò fi dé 60, tàbí kí n gbé kámẹ́rà lé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta.

Ẹ tún kíyè sí aṣọ funfun. Kámẹ́rà kò mọ ènìyàn, ìmọ́lẹ̀ nìkan ló mọ̀. Bí ogún ọmọ bá wọ funfun nínú oòrùn, yóò rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, yóò gé àkókò kúrú, ojú àwọn ọmọ a sì ṣókùnkùn. Mo máa ń yí òrùka àfikún sí +1, kí ìmọ́lẹ̀ di ìlọ́po méjì. Bí mo bá ṣe tán, mo dá a padà sí 0.

Fíìmù kan kò ju 36 lọ, kì í sì í fi àwòrán hàn títí a ó fi fọ̀ ọ́. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ bi ara yín pé: ta ni kò gbọdọ̀ sọnù nínú àwòrán yìí? Ẹ yan ihò nítorí onítọ̀hún, ẹ wo abẹ́rẹ́, kí ẹ wá tẹ̀ ẹ́.