Ohùn Orin àti Ohùn Ọ̀rọ̀

Ní alẹ́ àìsùn òkú àbúrò ìyá mi ní Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀, jẹnẹrétọ̀ kú lójijì. Dùrù dákẹ́, ṣùgbọ́n orin kò dákẹ́. Àwọn ìyá àgbà fi ẹnu lásán gbé e, àwọn ọkùnrin sì ń gbè é nísàlẹ̀. Orin tí a túmọ̀ láti ara «Amazing Grace» ni. Ẹkún gbọ̀n mí, nítorí mo rántí ìbéèrè kan.

Màmá yìí kò mọ̀wé; etí ni ó fi kọ́ gbogbo orin ìsìn. Lọ́jọ́ kan, ó bi mí pé, «Ọmọ mi, kí ni igbá ń wá nínú orin Olúwa?» Mo rẹ́rìn-ín. «Ìgbà» ni wọ́n kọ sínú ìwé. Ohùn orin ni ó gùn sókè níbi tí ọ̀rọ̀ wà nísàlẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, n kò sì ṣàlàyé.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí a mọ ibi tí ohùn náà ti wá. John Newton, ọ̀gá ọkọ̀ ẹrú nígbà kan rí, ni ó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. A tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1779. Ní Amẹ́ríkà, ní 1835, William Walker so ó mọ́ ohùn tí a ń pè ní «New Britain» nínú ìwé Southern Harmony. Ìwé náà kò nílò dùrù. Àmì onígun mẹ́ta ni fa, róbótó ni sol, onígun mẹ́rin ọgbọọgba ni la, èyí tí ó rí bí dáyámọ́ńdì ni mi. Ẹni tí ó bá mọ àmì mẹ́rin wọ̀nyí lè kọrin tí kò gbọ́ rí.

Àwa náà ní dò, re, mí tí a fi ń kọ́ àmì ohùn. Ìyàtọ̀ ni pé, tiwa kì í ṣe ọ̀ṣọ́: ohùn ni ìtumọ̀. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti mọ èyí. Àwọn orin Yorùbá tí ó gbà sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922 ń tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀.

N kò ní kí a sọ orin àtijọ́ nù. Òun ni ó sìn màmá wa dé ilé ìkẹyìn. Ṣùgbọ́n ní kíláàsì mi báyìí, a kọ́kọ́ ń sọ ẹsẹ orin lẹ́nu, a ń fi àmì sí i, kí a tó kọ ọ́ láìsí ìlù tàbí dùrù. Ibi tí orin bá ti yí ọ̀rọ̀ padà, àwọn ọmọ a wá ohùn mìíràn fún un.

Bí màmá bá tún bi mí léèrè lónìí, n kò ní rẹ́rìn-ín mọ́.