Ṣé Ẹ Fẹ́ Lọ Tà Á Ni? Ìrìnàjò Kan sí Gberefu

Kọ̀ńdọ́kítọ̀ tó ń pe èrò ní Mile 2 láàárọ̀ ọjọ́ náà kò sinmi rárá. "Àgbárá, Àgbádárìgì! Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o!" Ó ń ké e, ó ń tún un ké, ó ń bá obìnrin kan gbé apẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀, ó ń bá ọlọ́kadà kan jà, síbẹ̀ orúkọ ibùdókọ̀ kò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé lè fi etí nìkan dé ibi tó ń lọ.

Ohun tí Emeka Ogboh gbọ́ nínú irú igbe bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Enugu ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1977, ìró ìlú Èkó ló sì fi ń ṣiṣẹ́ ọnà. Ó ń gba ohùn kọ̀ńdọ́kítọ̀, ohùn ọlọ́jà àti ti fèrè ọkọ̀ sílẹ̀, á kó wọn lọ sínú gbọ̀ngàn ìpàtẹ. Orúkọ ibùdókọ̀ tí wọ́n ń tò tẹ̀ lé ara wọn, máàpù tí a fi ẹnu yà ni lójú tirẹ̀. Lọ́dún 2016, ilé ọnà Áfíríkà ti Smithsonian ní Washington pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ tó ń jẹ́ Market Symphony: ariwo ọjà Balógun ń jáde láti inú ẹ̀rọ tí wọ́n dè mọ́ tíréè tánganran, irú èyí tí àwọn aláte wa ń to ọjà lé.

Èmi náà gbé fóònù dání. Gberefu ni mò ń lọ, ilẹ̀ oníyanrìn tó wà láàárín ọ̀sà Àgbádárìgì àti òkun, níbi tí wọ́n ti ń kó ẹrú wọkọ̀ láyé ọjọ́un. Kì í ṣe ìtàn ẹrú ni mo fẹ́ gbà sílẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún àlejò ló ti gba ìyẹn lọ. Ọ̀rọ̀ tí kò jẹ́ nǹkan kan ni mò ń wá: ta ló jẹ ta ní gbèsè, èló làgbọn, kí ló dé tí ìyàwó lágbájá kò wá sípàdé.

Ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì ńkọ́? Ẹni tó bá ti gbà á rí kò nílò kí n ròyìn rẹ̀, ẹni tí kò gbà á rí kò ní gbà mí gbọ́.

Ní Marina Àgbádárìgì, níbi tí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n parí lọ́dún 1845 ti kọjú sí ọ̀sà, a wọ ọkọ̀ ojú omi. A ò ju mẹ́sàn-án lọ. Kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù méjì wà lẹ́sẹ̀ mi. Obìnrin kan gbé báàfù òfìfo lé orúnkún, ọkùnrin méjì kọjú sí ara wọn, bàbá ọlọ́kọ̀ jókòó sídìí ẹ́ńjìnì. Ọkọ̀ kò tíì kúrò létí omi tí ọ̀rọ̀ fi bẹ̀rẹ̀. Èdè Ògù ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n yà sí Yorùbá láàárín gbólóhùn, wọ́n tún padà sí Ògù láìwẹ̀yìn. Ewúrẹ́ aládùúgbò kan ló jẹ aṣọ ìyàwó ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà. Aṣọ òkú ni, wọn ò tíì wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ta ni yóò san án? Ọkọ̀ pín sí méjì. Àwọn kan ní olówó ewúrẹ́ ni, àwọn kan ní ewúrẹ́ kò mọ aṣọ òkú yàtọ̀ sí ewé. Bàbá ọlọ́kọ̀ gbọ́ títí, ó dín iná ẹ́ńjìnì kù kí gbogbo èrò lè gbọ́ ìdájọ́: "Ẹni tó sá aṣọ sórí ọgbà tí kò ga ló jẹ̀bi."

Níbẹ̀ ni mo ti yọ fóònù. Kẹ́kẹ́ pa.

"Bọ̀dá, kí lẹ̀ ń ṣe?" Obìnrin oníbáàfù ló béèrè.

Mo ṣàlàyé pé mò ń gba ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ sílẹ̀, pé àwọn oníṣẹ́ ọnà wà lóde òní tó jẹ́ pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́.

"Ẹjọ́ ewúrẹ́? Ṣé ẹ fẹ́ lọ tà á ni?"

Ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, mo dá fóònù padà sápò, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò létí mi. Nítorí wọ́n ń tà á. Tino Sehgal, tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1976, kì í kun àwòrán, kì í gbẹ́ ère. Ènìyàn ló ń kọ́, àwọn yẹn á lọ bá àlejò sọ̀rọ̀. Lọ́dún 2012, nínú gbọ̀ngàn ńlá Tate Modern, àwọn tó kó jọ ń rìn, wọ́n ń sáré, lójijì ọ̀kan á yà sọ́dọ̀ rẹ, á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nǹkan tó ṣẹlẹ̀ sí i láyé fún ọ, bí ẹni pé ẹ ti mọra tipẹ́. Nígbà tó bá parí, á padà sáàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Sehgal kò gbà kí wọ́n ya fọ́tò. Bí ilé ọnà bá fẹ́ ra iṣẹ́ rẹ̀, kò sí ìwé: wọ́n á pé jọ níwájú agbẹjọ́rò, wọ́n á fi ẹnu sọ àdéhùn, ó parí. Àwọn ará Yúróòpù ka èyí sí àrà tuntun. Ìyá mi, tó fi ẹnu lásán ra ilẹ̀ kan lójú ẹlẹ́rìí méjì, ì bá bi wọ́n pé kí ni tuntun níbẹ̀.

A gúnlẹ̀. Ìyá arúgbó kan létí omi kí wa, "Kuabọ," ìkíni Ògù tó jọ káàbọ̀ wa débi tí mo fi dá a lóhùn kí n tó rántí pé mi ò gbọ́ èdè náà.

Ọ̀dọ́kùnrin afinimọ̀nà ló mú wa gba ojú ọ̀nà oníyanrìn láàárín àwọn igi àgbọn. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó ti kọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí bí oríkì. Ó mọ ibi tó yẹ kó ti rẹ ohùn sílẹ̀ àti ibi tó yẹ kó dákẹ́ kí àlejò lè mí kanlẹ̀. Nígbà tí a dé ìdí kànga, ó dúró. Omi inú kànga yìí, ó ní, ni wọ́n fún àwọn ẹrú mu kí wọ́n tó dé etí òkun, kí wọ́n lè gbàgbé ilé, kí wọ́n gbàgbé orúkọ wọn.

Fóònù rẹ̀ dún. Ó wo ẹni tó pè é, ó yí ẹ̀yìn sí wa, ó sì di ẹlòmíràn. Ohùn tí ó ti rẹ̀ sílẹ̀ gòkè. Ògù ló ń sọ, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń jiyàn, mo gbọ́ "gààrí" nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ju ìṣẹ́jú kan lọ. Lẹ́yìn náà ó pa fóònù, ó yíjú padà, ó tún ohùn ṣe: "Bí mo ṣe ń sọ fún yín, wọ́n á gbàgbé ilé."

Nínú ohùn méjèèjì, ti gààrí ni mo tìtorí rẹ̀ wá. Kì í ṣe pé ti kànga kò níyì. Àmọ́ ẹnu ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ti kànga ti kọjá kó tó dé ẹnu rẹ̀. Ti gààrí, tirẹ̀ ni.

Ìtàn kànga náà sì ní ẹjọ́ láti jẹ́. Ní Freetown, níbi tí àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ń kó àwọn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú lọ, òjíṣẹ́ ìjọ CMS kan, Sigismund Koelle ará Jámánì, jókòó ti irú àwọn ènìyàn wọ̀nyí, bí 200 wọn, ó ń bi wọ́n: kí lẹ̀ ń pe omi nílé yín? Kí lẹ̀ ń pe iná, kí lẹ̀ ń pe ìyá? Èdè tó rí kọ sílẹ̀ lé ní 100, ìwé náà sì jáde lọ́dún 1854. Ọ̀tà, Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀ṣà, Ìjẹ̀bú, Ifẹ̀, Òǹdó, gbogbo wọn ló dáhùn, kálukú pẹ̀lú ẹ̀ka èdè tirẹ̀. Àwọn kan nínú àwọn tó dáhùn ti kúrò nílé fún ọdún gbọọrọ. Wọn ò gbàgbé omi. Ẹ sì mọ orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn ọmọ Yorùbá ní Freetown: Akú. Inú ìkíni ni wọ́n ti fà á yọ. Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìjókòó; àwọn aládùúgbò gbọ́ "kú" títí, ó di orúkọ. Ìkíni lásán, ohun tí à ń sọ láìronú, ló di orúkọ fún odindi ìran níbi tí wọ́n ti gba ohun gbogbo mìíràn lọ́wọ́ wọn.

Mo sọ èyí fún afinimọ̀nà. Ó ní kí n tún Akú yẹn sọ, òun fẹ́ fi kún tòun.

Lábẹ́ bòji kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, àwọn obìnrin mélòó kan jókòó ti òkìtì àgbọn, ọwọ́ wọn ń bó èèpo, ẹnu wọn kò dákẹ́. Mo rántí Suzanne Lacy. Ní ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún ọdún 1987, ó kó 430 obìnrin tó ti lé ní ọmọ 60 ọdún jọ sínú ilé ńlá kan ní Minneapolis ní Amẹ́ríkà. Mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n jókòó yí tábìlì ká, aṣọ dúdú ni wọ́n wọ̀, wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí ọjọ́ ogbó. Orí òkè ni àwọn òǹwòran wà, ohùn àwọn obìnrin tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ ń bọ́ sí wọn létí. The Crystal Quilt lorúkọ iṣẹ́ náà. Lójú mi, ó yẹ kó rí bẹ́ẹ̀ fún ìlú tí ẹnikẹ́ni kì í ti í béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ arúgbó. Ní Gberefu, àwọn arúgbó kò dúró de kí wọ́n béèrè.

Etí òkun nìyí. Òpó méjì tó fi orí ti ara wọn, ìgbì, iyanrìn gbígbóná. Àwọn àlejò ya fọ́tò, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n tún ya òmíràn. Níbẹ̀ ni àwọn kẹ́ẹ̀gì inú ọkọ̀ ti padà sí mi lọ́kàn, nítorí Romuald Hazoumè. Àjàṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo, ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1962, ìran Yorùbá sì ni. Kẹ́ẹ̀gì tí àwọn ọlọ́kadà fi ń kó epo láti Nàìjíríà wọ Benin, tí wọ́n ń yá níná kó lè fẹ̀ sí i, títí tí yóò fi bẹ́ tàbí tí yóò gbó dànù, òun ló ń sọ di ojú ènìyàn: ẹnu kẹ́ẹ̀gì di ẹnu, ibi ìdìmú rẹ̀ di imú. Láti 1997 títí di 2005 ló fi ṣe La Bouche du Roi. Kẹ́ẹ̀gì 304 ló tò bí wọ́n ṣe to ẹrú sínú ọkọ̀ Brookes nínú àwòrán olókìkí ìgbà òwò ẹrú, gbogbo wọn yanu, ohùn sì ń jáde láàárín wọn ní èdè Yorùbá, Máhì àti Wémè. British Museum rà á lọ́dún 2007, nígbà tó pé 200 ọdún tí Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò ẹrú.

Iṣẹ́ ńlá ni. Àríwísí kan ṣoṣo ni mo ní, mo sì mọ̀ pé ó lè dà bí àṣejù: ọ̀fọ̀ ni ẹnu àwọn kẹ́ẹ̀gì yẹn ń ṣe. Méjì tó wà lẹ́sẹ̀ mi nínú ọkọ̀, ẹjọ́ ewúrẹ́ ni wọ́n gbọ́ láti Marina dé Gberefu. Ó dá mi lójú pé àwọn tí wọ́n kó gba ọ̀nà iyanrìn yìí náà ti dá ẹjọ́ ewúrẹ́ rí nílé, ìyẹn náà sì wà nínú ohun tí wọ́n jí lọ.

Bí a ṣe ń padà, mo ń ro ìbéèrè obìnrin oníbáàfù. Bí ọ̀rọ̀ ènìyàn bá di iṣẹ́ ọnà ní Washington, kí ló dé ọwọ́ ẹni tó ni ọ̀rọ̀? Àwọn bàbá wa ti dáhùn irú ìbéèrè yìí kí ilé ọnà kankan tó dé. Ní Kétu àti ní Ìmẹ̀kọ, nínú ọ̀gànjọ́ òru tó ṣáájú ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́, akọrin tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀fẹ̀ á jáde sí gbàgede ọjà, á fi òfófó àdúgbò kọrin: ahun, olè, ọkọ tó sá fún ìyàwó, olóyè tó gba rìbá. Lórí ère tí wọ́n ń gbé, ẹ ó rí aláte, ẹ ó rí ọlọ́kadà. UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ayé lọ́dún 2001. Ohun tó wù mí jù nínú rẹ̀ ni pé ẹni tí wọ́n fi kọrin wà níbẹ̀. Ó dúró sáàárín èrò, ó ń gbọ́ ọ, wọ́n sì ń wo ojú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà padà sílé olówó rẹ̀ lóru ọjọ́ náà gan-an.

Ní èbúté, obìnrin oníbáàfù ti dé ṣáájú wa. Àgbọn ti kún inú báàfù. Mo ní kó ta mẹ́ta fún mi, ó dárúkọ iye tó fẹ́, mo ní ó ti pọ̀ jù, ó ní kí n má fi ojú ará Èkó wo àgbọn Gberefu. Kí n tó san owó, mo bi í bóyá mo lè gba èyí sílẹ̀, ìnájà yìí nìkan.

Ó rò ó. "Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí n gbọ́ ọ tí ẹ bá ti gbà á."

A bẹ̀rẹ̀ ìnájà látìbẹ̀rẹ̀. Owó tó dá lẹ́ẹ̀kejì ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nígbà tí a parí, mo na fóònù sí i létí. Ó gbọ́ ọ, ó ní kí n tún un fi sí i, ó pe ìyá arúgbó tó kí wa láàárọ̀ pé kó wá gbọ́, àwọn méjèèjì tẹ orí pọ̀ mọ́ fóònù. "Ohùn mi ni lóòótọ́," ó ní. "Ẹ má tà á o."

Ó ṣì wà nínú fóònù mi. Ìṣẹ́jú-àáyá 43 ni, ìró ẹ́ńjìnì ọkọ̀ bo ìparí rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹjọ́ ewúrẹ́ kò sì sí níbẹ̀.