Lẹ́tà láti Burlington: Bí Ọkọ̀ Kékeré Tó Ti Pẹ́ Ṣe Lè Dín Epo Tó Ń Mu Kù

Burlington, Ontario, Kánádà



Ọkọ̀ kékeré tó ti lo ogún ọdún ṣì lè fi epo díẹ̀ rin ọ̀nà jíjìn, bí ìtọ́jú rẹ̀ kò bá mẹ́hẹ. Corolla ọdún 2005, tó pọ̀ nígboro Ìbàdàn bó ṣe pọ̀ lágbègbè Toronto, ní ẹ́ńjìnnì onílítà 1.8, táǹkì rẹ̀ sì ń gba nǹkan bí lítà 50. Nígbà tó wà ní tuntun, nǹkan bí lítà 8 ló ń mu fún 100 kìlómítà, bí a bá pa ìrìn ìgboro àti ti ọ̀nà jíjìn pọ̀. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá wá ń mu lítà 11 tàbí 12 lónìí, kì í ṣe ọjọ́ orí nìkan ló fà á. Nǹkan kan ti yẹ̀ lára rẹ̀, owó kékeré ló sì sábà máa ń tún un ṣe.

Ọ̀rọ̀ epo ti kúrò ní ohun tí wọ́n ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinubu ti Nàìjíríà kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Lítà kan tó wà ní nǹkan bí ₦185 fò kọjá ₦480 láàárín ọjọ́ díẹ̀, nígbà tí ọdún 2024 sì ń lọ sópin, ó ti wà ní àyíká ₦1,000. Ní Burlington, ìlú tó wà létí Adágún Ontario láàárín Oakville àti Hamilton, àwọn tó ń gba òpópónà QEW lọ síbi iṣẹ́ ní Toronto lójoojúmọ́ náà ń ṣọ́ iye epo bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ owó ilé.

Wíwọ̀n ló ṣáájú. Mẹkáníìkì tó bá ní òun ti dín epo ọkọ̀ kù, nígbà tí kò sẹ́ni tó mọ iye tó ń mu tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ló sọ. Awakọ̀ yóò rọ epo kún táǹkì títí ẹnu páǹpù yóò fi já fúnra rẹ̀, yóò dá mítà ìrìn-àjò padà sí òdo, yóò wa ọkọ̀ títí epo yóò fi lọ sí ìlàjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò sì tún rọ ọ́ kún ní ilé epo kan náà. Kí ó fi iye kìlómítà pín iye lítà tó wọlé lẹ́ẹ̀kejì, kí ó sọ èsì rẹ̀ di ìlọ́po 100. Lítà 32 fún 400 kìlómítà jẹ́ lítà 8 fún 100. Ẹni tó ń sọ fún ọmọ ilé epo pé kó ta ti ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà fún òun kò lè mọ èyí láéláé, nítorí owó ló ń kà, kì í ṣe lítà.

Àṣìṣe kan wà tó máa ń da ìṣirò rú. Ọkọ̀ tọ́kunbọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá ń ka máìlì, èyí tó ti Kánádà wá ń ka kìlómítà. Bí mítà bá fi 250 hàn, tí ó sì jẹ́ máìlì, 400 kìlómítà ni ọkọ̀ náà rìn. Ẹni tó bá pè é ní 250 kìlómítà yóò gbà pé ọkọ̀ òun ń mu lítà 12.8 fún 100, yóò sì kó owó fún mẹkáníìkì lórí àìsàn tí kò sí.

Lẹ́yìn ìwọ̀n, iná orí dáṣíbọ́ọ̀dù ló kàn. Gbogbo ọkọ̀ kékeré tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1996, àti ní Kánádà láti ọdún 1998, ló ní ojú ihò kan lábẹ́ ìdarí ọkọ̀ tí wọ́n ń ki ẹ̀rọ àyẹ̀wò bọ̀. Nígbà tí iná aláwọ̀ ìyeyè tó ní àwòrán ẹ́ńjìnnì bá tàn, kọ̀ǹpútà ọkọ̀, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní brain box, ti kọ àrùn náà sílẹ̀ ní nọ́ńbà. Àwọn kan máa ń lẹ nǹkan bo iná náà, àwọn mìíràn a ní kí rewáyà yọ gílóòbù rẹ̀. Ní Ontario, ìjọba fi ètò Drive Clean fipá mú àwọn èèyàn láti tún irú àbùkù bẹ́ẹ̀ ṣe láti ọdún 1999 títí wọ́n fi fòpin sí i ní ọdún 2019. Láti ìgbà náà, iná yẹn nìkan ni aláyẹ̀wò tó kù fún ọ̀pọ̀ awakọ̀ níbí, gẹ́gẹ́ bó ṣe rí nílé ní Nàìjíríà.

Èyí tó ń jẹ epo jù nínú ohun tí iná náà ń kéde ni oxygen sensor, ẹ̀rọ kékeré tó wà lára páìpù èéfín. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ fún kọ̀ǹpútà bóyá afẹ́fẹ́ àti epo tó ń jó bára mu. Bí ó bá kú, kọ̀ǹpútà kò rí ọ̀nà mọ́, yóò sì máa da epo sí i kí ẹ́ńjìnnì má baà kú. Ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ agbára sọ pé títún irú àbùkù ńlá bẹ́ẹ̀ ṣe lè mú kí ìrìn tí ọkọ̀ ń fi epo kan náà rìn gbòòrò tó ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí títún àwọn àbùkù mìíràn ṣe jẹ́ nǹkan bí ìdá 4 ní ìpíndọ́gba. Ọkọ̀ tí wọ́n ti yọ catalytic converter rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń fọ èéfín mọ́, tà ní ìṣòro tirẹ̀: iná náà kì í kú mọ́, nítorí náà bí àrùn mìíràn bá dé, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀.

Ohun kejì ni thermostat, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ilé ti ń ṣe ọkọ̀ níkà láìmọ̀. Bí ọkọ̀ bá ń gbóná jù, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń ṣe ni pé kí wọ́n yọ ọ́ dànù. Ẹ̀rọ kékeré yìí ló ń dí omi ráídétọ̀ mọ́lẹ̀ títí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná tó bó ṣe yẹ. Ti Corolla yìí ń ṣí ní nǹkan bí ìwọ̀n 82 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí kò bá sí níbẹ̀, omi yóò máa yí kiri láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, ẹ́ńjìnnì yóò pẹ́ kó tó gbóná, kọ̀ǹpútà yóò sì máa rò pé àárọ̀ kùtù ṣì ni, yóò máa fún un ní epo tó yẹ ẹ́ńjìnnì tútù. Ní Burlington, àṣírí thermostat tó ti bàjẹ́ máa ń tú nígbà òtútù, nítorí afẹ́fẹ́ tútù ni híítà yóò máa fẹ́ jáde. Nílé, tí kò sẹ́ni tó ń lo híítà, ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún márùn-ún. Nọ́ńbà P0128 lára ẹ̀rọ àyẹ̀wò ló sábà ń tọ́ka sí i. Kí wọ́n wá ohun tó ń mú ọkọ̀ gbóná gan-an: ráídétọ̀ tó dí, omi lásán tí wọ́n ń dà sí i dípò coolant, fáànù tó ti kú, tàbí ìdérí ráídétọ̀ tí kò dé dáadáa mọ́. Lẹ́yìn náà kí wọ́n dá thermostat padà sí àyè rẹ̀.

Wíwo afẹ́fẹ́ táyà kò ná ènìyàn lówó kankan. Ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tó yẹ wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà awakọ̀. Èyí tí wọ́n kọ sára táyà fúnra rẹ̀ jẹ́ òpin ohun tí táyà náà lè gbà, kì í ṣe ohun tó yẹ kí ó wà nínú rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá dín ní psi 1, ìrìn tí epo ń gbé dín ní nǹkan bí ìdá 0.2 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó dà bí ohun tí kò tó nǹkan, àmọ́ ní Ontario afẹ́fẹ́ táyà ń dín ní psi 1 fún bí ìwọ̀n Celsius 5 tàbí 6 tí ojú ọjọ́ bá fi tutù sí i, kí oṣù Kìíní sì tó dé, ó lè ti dín ní psi 6. Nílé, ìdàkejì ló máa ń ṣẹlẹ̀: fọkanáísà á fẹ́ ẹ títí táyà yóò fi le bí òkúta, àárín rẹ̀ á máa jẹ, bíréèkì kò sì ní mú dáadáa mọ́. Àárọ̀, kí ọkọ̀ tó rìn, ni ó dára láti wọ̀n ọ́.

Bíréèkì tó ń di táyà mú ń jẹ epo láìpariwo. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú ọ̀nà nígbà òjò dídì ní Ontario máa ń mú kí irin bíréèkì dípẹtà, ọkọ̀ tó bá sì ti ibí wọ ọkọ̀ òkun lọ sí Èkó máa ń gbé ìpẹtà rẹ̀ lọ. Kí wọ́n fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè, kí wọ́n fọwọ́ yí táyà kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò bá yí wọ́ọ́rọ́ ni kí wọ́n tú. Ọkọ̀ tó ń wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan nílò àtúntò táyà, ihò ojú ọ̀nà sì ń mú kí èyí di ohun tí wọn yóò máa ṣe léraléra.

Fíltà afẹ́fẹ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ ń pààrọ̀, kò sì dín epo kù bí wọ́n ṣe rò. Àyẹ̀wò tí ilé ìwádìí Oak Ridge ní Amẹ́ríkà ṣe ní ọdún 2009 fi hàn pé nínú ọkọ̀ tó ń fi injector fọ́n epo, fíltà tó dí ń dín agbára ọkọ̀ kù, epo tó ń mu kò yí padà. Ọkọ̀ àtijọ́ oníkábúrétọ̀ ni èrò pé fíltà tuntun ń dín epo kù bá mu. Kí wọ́n ṣì máa pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ọyẹ́, nítorí eruku ń pa ẹ́ńjìnnì. Pulọ́ọ̀gì tó ti gbó ń jẹ epo lóòótọ́, bí wọ́n bá sì fẹ́ ra tuntun, kí wọ́n mú ti àtijọ́ dání, kí wọ́n fi wé e, nítorí ayédèrú pọ̀ lọ́jà. Ọ́ìlì 5W-30 ni ìwé Corolla yìí sọ. 20W-50 tí wọ́n ń dà sí i nítorí pé ọkọ̀ ti dàgbà nípọn jù, ẹ́ńjìnnì á sì máa fi epo ṣe wàhálà láti rú u.

Bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀ kì í ṣe ìtọ́jú, síbẹ̀ ó lè ba gbogbo ìtọ́jú jẹ́. Nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, títẹ epo mọ́lẹ̀ kí wọ́n tún tẹ bíréèkì lójijì lè dín ìrìn epo kù láti ìdá 10 dé 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹrù tó wúwo tó 45 kìlógíráàmù nínú búùtù ń jẹ nǹkan bí ìdá 1. Ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ lórí ìdúró ń jó lítà 1 sí 2 láàárín wákàtí kan. Òfin ìlú Toronto kò gbà kí ó kọjá ìṣẹ́jú kan nínú wákàtí. Òtútù náà ní tirẹ̀: bí ojú ọjọ́ bá wà ní ìwọ̀n 7 sábẹ́ òdo, ìrìn ìgboro ń fi nǹkan bí ìdá 15 dín sí ti ìgbà tó wà ní 25. Nílé, ẹ̀rọ amúlétutù ló dúró fún òtútù yẹn: nínú ooru líle àti ìrìn kúkúrú, ó lè gba ju ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún lọ.

Kò sí ìdí láti ra epo olówó gọbọi níbi tó bá wà, àyàfi tí ìwé ọkọ̀ bá béèrè fún un. Mágnẹ́ẹ̀tì àti oògùn tí wọ́n ní ó ń dín epo kù kò tọ́ sí owó kankan. Àjọ EPA ti Amẹ́ríkà ti yẹ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tó lé ní ọgọ́rùn-ún wò, wọn kò sì rí ọ̀kan tó mú ìyàtọ̀ gidi wá.

Bí ọkọ̀ tó ń rin 1,500 kìlómítà lóṣù bá bọ́ láti lítà 11 sí 9 fún 100 kìlómítà, lítà 30 ló fi pamọ́ lóṣù, ìyẹn ₦30,000 bí lítà kan bá jẹ́ ₦1,000. Kí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ kọ iye lítà àti iye kìlómítà sílẹ̀ fún oṣù kan, kí ó fi ránṣẹ́ sí Burlington pẹ̀lú nọ́ńbà tí ẹ̀rọ àyẹ̀wò bá mú jáde, kí ẹnikẹ́ni tó sanwó fún mẹkáníìkì.