Bí A Ti Mú Ọ̀rẹ́ Wa Lọ Pẹja Lórí Ọ̀sà

A ní ọ̀rẹ́ kan tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí tiwa ní Ẹgàn níhìn-ín, ní agbègbè Àlímọ̀ṣọ́. Láti ìgbà èwe ni a ti mọ ara wa. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni ó wà nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì rọ láti ìgbà náà. Irin ni ó fi ń de ẹsẹ̀, ọ̀pá abẹ́ abíyá méjì ni ó sì fi ń rìn. Iṣẹ́ aránṣọ ni ó ń ṣe, lórí ẹ̀rọ tí a ń fi ọwọ́ yí, èrè iṣẹ́ náà ni ó sì fi tọ́ ọmọ mẹ́ta jáde ilé ẹ̀kọ́. Ní gbogbo ọdún tí a ti ń bá a rìn, ohun kan ṣoṣo ni ó bẹ̀ wá: “Ọ̀rẹ́ mi, mú mi lọ sójú omi ní ọjọ́ kan, kí èmi náà fi ìwọ̀ pẹja.”

Ọdún púpọ̀ ni a fi ń dá ọjọ́ tí a kò sì lọ. Ìbẹ̀rù ni ó dá wa dúró. Bí a bá sì fi ọ̀rọ̀ náà lọ àwọn ẹlòmíràn, èsì wọn kò ju ọ̀kan lọ: kí ni ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e ń wá lórí omi? Kí ó jókòó sí ilé, kí a máa ra ẹja wá fún un. Ó dàbí ọ̀rọ̀ ọgbọ́n, ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹni tí a fi ìbẹ̀rù sé mọ́ ilé, a lè dáàbò bo ara rẹ̀, ṣùgbọ́n a ti pa ọkàn rẹ̀ lára.

Nígbà tí ó di oṣù Kọkànlá ọdún 2023, a mú un lọ sí èbúté kan tí a kì yóò dárúkọ, nítorí pé ẹ̀bi ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kì í ṣe ti èbúté bí kò ṣe tiwa. Ọkọ̀ tóóró ni a rí. Èrò pọ̀ lẹ́yìn wa, olúkúlùkù sì ń kánjú. Àwa àti àbúrò wa kò bèèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ wa. A kì í mọ́lẹ̀ lábẹ́ apá àti lábẹ́ itan, bí ẹni gbé àpò gààrí, a sì fẹ́ gbé e sọ sínú ọkọ̀. Ó ń wí pé, “Ẹ dúró, ẹ dúró ná,” ṣùgbọ́n a dá a lóhùn pé, “Má bẹ̀rù, a ti dì ọ́ mú.” Ẹsẹ̀ àbúrò wa ti ọkọ̀, ọkọ̀ sún kúrò létí èbúté, ọ̀rẹ́ wa sì já bọ́ sí àárín. Omi ibẹ̀ kò ju àyà àgbàlagbà lọ, síbẹ̀ ó rì bí òkúta, nítorí irin wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, a kò sì tí ì wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì fún un, èyíinì ni ẹ̀wù tí í mú ni léfòó. A rò pé ó di inú ọkọ̀ kí a tó wọ̀ ọ́. Ọlọ́run ṣàánú wa: àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì bẹ́ sómi, wọ́n sì fà á yọ. Ìṣẹ́jú díẹ̀ náà gùn lójú wa ju ọdún kan lọ.

Nígbà tí ó pọ omi tán, tí a sì ti fi aṣọ bò ó, kò bínú, kò sì sọkún. Ó wò wá lójú, ó ní: “Ọ̀rẹ́ mi, láti ìgbà tí mo ti dáyé, àwọn tí ó fẹ́ràn mi ni ó gbé mi ṣubú jùlọ. Àwọn tí kò fẹ́ràn mi kì í tilẹ̀ fọwọ́ kàn mí. Èéṣe tí o kò bi mí bí a ti í gbé mi?”

Ọ̀rọ̀ yìí gún wa lọ́kàn. Ní alẹ́ ọjọ́ náà a rántí Mefibóṣẹ́tì ọmọ Jónátánì, tí a kà nípa rẹ̀ nínú Ìwé Sámúẹ́lì Kejì. Gbogbo wa ni ó mọ̀ pé ó yarọ, àti pé ó ń jẹun lórí tábìlì Dáfídì. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó rántí bí ó ti yarọ? Olùtọ́ rẹ̀ ni ó gbé e sá lọ láti gba ẹ̀mí rẹ̀ là. Bí obìnrin náà sì ti ń yára, ọmọ ọdún márùn-ún náà ṣubú. Ọwọ́ ìfẹ́ ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ń kánjú ni.

A rò pé ọ̀rẹ́ wa kò ní fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ omi mọ́. Ẹnu yà wá nígbà tí ó tún bi wá, lẹ́yìn oṣù méjì, pé ọjọ́ wo ni a ó padà lọ. Ó sọ ìtàn Franklin Roosevelt fún wa, ẹni tí ó di Ààrẹ Amẹ́ríkà ní ọdún 1933. Rọpárọsẹ̀ ni àwọn oníṣègùn ìgbà náà pe àrùn tí ó mú un lẹ́sẹ̀ ní ọdún 1921, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 39. Síbẹ̀ kò kọ omi sílẹ̀: ní ọdún 1924 òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní ọkọ̀ kan tí wọ́n pè ní Larooco, inú rẹ̀ ni ó sì ti ń pẹja ní etíkun Florida. Òfin tiwa pẹ̀lú kò sé ọ̀nà: òfin Èkó ti ọdún 2011 àti ti ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2019 kà á léèwọ̀ kí a ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀ nítorí àbùkù ara. “Ọ̀nà ṣí sílẹ̀,” ni ó wí, “bí a ó ti rìn ín ni ó kù.”

Ní àkókò yìí, àwa ni a jókòó, òun ni ó ń kọ́ wa. Ọkọ̀ ni a kọ́kọ́ wá: ọkọ̀ onípákó fífẹ̀ tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ti bàbá apẹja kan, ará Ẹ̀gùn, tí ó dàgbà sórí ọ̀sà Badagry. A bá bàbá náà sọ̀rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí ó má ṣe pé orí èbúté ni yóò ti kọ́kọ́ mọ irú èrò tí ó fẹ́ gbé.

Lẹ́yìn ọkọ̀ ni ẹ̀wù ìléfòó. Àjọ LASWA, tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ ní ọdún 2008, pa á láṣẹ pé kí gbogbo èrò ọkọ̀ wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n wíwọ̀ nìkan kò tó fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gbẹ. Ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ fúyẹ́; ó lè léfòó sókè, kí ó sì da ojú ẹni náà dé omi. Nítorí náà, èyí tí ó ní ìrọ̀rí lẹ́yìn ọrùn, tí ó sì ní okùn tí ń gba àárín itan, ni a rà. A dán an wò níbi tí omi kò ju ìbàdí lọ, ọkùnrin méjì dúró tì í, títí a fi rí i pé ojú rẹ̀ ń yí sókè nígbàkúgbà tí ó bá bọ́ sómi.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ okùn. Àbúrò wa fẹ́ so ọ̀rẹ́ wa mọ́ ọkọ̀ kí ó má bàa ṣubú. Bàbá apẹja kọ̀ jálẹ̀. Ó ní bí ọkọ̀ bá dojú dé, ẹni tí a so mọ́ ọn ti bá a lọ nìyẹn. Ọ̀pá abẹ́ abíyá ni a so, ènìyàn kọ́. Irin ẹsẹ̀ ni a sì bọ́ kí ó tó wọ ọkọ̀. Ẹní àti tìmùtìmù ni a tẹ́ sí ìsàlẹ̀ ní àárín ọkọ̀, kí ìjókòó rẹ̀ lè rẹlẹ̀, kí ọkọ̀ má sì fì. Ẹni tí ọ̀rẹ́ tirẹ̀ bá jẹ́ ẹni tí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ṣẹ́, kí ó tún kíyèsí èyí: irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè má mọ̀ pé irin tí oòrùn ti yán ń jó òun ní itan. Ojú ẹlòmíràn ni yóò bá a ṣọ́ ọ.

Ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kejì ọdún 2024, a jí lọ, a gba ọ̀nà dé Ìyànà-Ìbà, a sì yà sí ọ̀nà Badagry. A sọ fún àwọn ará ilé ibi tí a ń lọ àti wákàtí tí a ó padà. Kùrukùru ọyẹ́ bo ojú ọ̀sà nígbà tí a débẹ̀. A jókòó dè é títí ó fi ká. Ọ̀rẹ́ wa wọ ẹ̀wù rẹ̀ lórí ilẹ̀, ó fi ìdí wọ́ dé etí pákó èbúté, bàbá àti àbúrò wa sì dúró nínú omi, wọ́n di ọkọ̀ mú ní ìhà méjèèjì. Ó fi apá rẹ̀ méjèèjì sọ ara rẹ̀ kalẹ̀ sínú ọkọ̀, wẹ́rẹ́. Kò sí ẹni tí ó gbé e. A kàn dúró níbi tí ó ní kí a dúró sí.

Nígbà tí oòrùn gòkè, a rí i pé kò mu omi. A bi í léèrè, ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó rọra wí pé òun kò fẹ́ kí ìtọ̀ gbọ̀n òun, kí òun má bàa yọ wá lẹ́nu. A fi ìgò ẹlẹ́nu gbígbòòrò àti aṣọ tí a ti mú dání hàn án, a sì bi í bóyá ó fẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà náà ni ó gba omi, ó sì mu ún tẹ́rùn.

Ẹja epìyà méjì ni ó kọ́kọ́ mú. Ẹ̀kẹta jẹ́ ọ̀bọ̀kún. Ó fẹ́ fi ọwọ́ lásán yọ ọ́ lójú ìwọ̀, ṣùgbọ́n bàbá sáré fi àkísà di ẹja náà mú nítorí ẹ̀gún rẹ̀. Ó ní, “Ọmọ mi, bí ẹ̀gún yìí bá gún àwọn yòókù, ọwọ́ ni ó gún. Bí ó bá gún ọ, ẹsẹ̀ ni ó gún.” Lóòótọ́ ni: ọwọ́ náà ni ó fi ń rìn, òun náà ni ó fi ń jẹun. Ọ̀pọ̀ ọdún ni a ti bá a ṣọ̀rẹ́, a kò ro èyí rí.

Kí afẹ́fẹ́ ọ̀sán tó dìde ni a ti yí padà. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko bí ojú ẹja.

Nígbà tí a gúnlẹ̀, ọ̀rẹ́ wa ni ó kọ́kọ́ gun orí pákó. Àwa fẹ́ dìde, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wa ti kú nítorí ìjókòó pípẹ́, a sì tún wó jókòó. Ó na ọwọ́ sí wa láti òkè, ó ní: “Ọ̀rẹ́ mi, báwo ni o ti fẹ́ kí n dì ọ́ mú?”