Ọkọ̀ Ayọ́kẹ́lẹ́ Tí Kì í Yọ́ Kẹ́lẹ́

Gáréèjì tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe gáréèjì Ìwó Road, níbi tí àwọn agbèrò ti ń pariwo Ifẹ̀, Iléṣà, Àkúrẹ́. Ilé ọkọ̀ ni a ń wí: yàrá gbọọrọ kan tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilé, tó ní ilẹ̀kùn onírin, èyí tí àwọn tó kọ́lé sí Ìbàdàn láyé àtijọ́ máa ń kọ́ fún mọ́tò kan ṣoṣo tí wọ́n ní. Ní ọ̀pọ̀ ilé lónìí, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó garawa tó ti fọ́ àti bẹ́ẹ̀dì tí ẹnikẹ́ni kò sùn lé mọ́ sí. Nínú tiwa, mọ́tò ṣì wà níbẹ̀. Volkswagen ni, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí Ìjàpá.

Ìbejì ni wá, obìnrin méjèèjì. Táíwò ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, Kẹ́hìndé ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè. Bàbá wa tí í ṣe tíṣà ló ra ọkọ̀ náà, àwọn náà ni wọ́n sì ń wà á títí wọ́n fi ṣaláìsí ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó ṣí i. Nígbà tí a wá sílé fún ọlidé ọlọ́jọ́ gbọọrọ tó kọjá, Màmá wa sọ ohun tó wà lọ́kàn wọn fún wa. Wọ́n fẹ́ ta mọ́tò náà fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, kí wọ́n sì sọ gáréèjì di ṣọ́ọ̀bù tí ẹlòmíì yóò rẹ́ǹtì. Owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ méjì lẹ́ẹ̀kan náà kì í ṣe eré. A kò lè sọ pé wọn kò rò ó dáadáa. Ohun tí a bẹ̀ wọ́n fún kò ju pé kí wọ́n fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ fún wa títí a ó fi wọlé padà. Wọ́n ní, "Mo gbọ́. Àmọ́ ẹ ò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi lé e lórí o."

Ẹ jẹ́ ká sọ irú mọ́tò tó jẹ́ fún ẹ̀yin tí ẹ kò wọ̀ ọ́ rí. Ní 1975 ni ilé-iṣẹ́ Volkswagen ti Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò pọ̀ ní ojú ọ̀nà Badagry ní Èkó. Ọdún yẹn náà ni ti Peugeot bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná. Bí àwọn òbí wa bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìgbà náà, bí wọ́n ṣe máa ń pín in ni pé ọ̀gá ló ń gun Peugeot 504, tíṣà àti nọ́ọ̀sì ló ń gun Ìjàpá. Kárí ayé, Ìjàpá tí wọ́n ṣe lé ní mílíọ̀nù 21 kí èyí tó kẹ́yìn tó jáde ní Puebla, ní ilẹ̀ Mẹ́síkò, lóṣù keje ọdún 2003. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, iwájú ni bùútù. Kò ní redíétọ̀, kò sì mu omi. Fáànù ńlá kan ló ń fẹ́ atẹ́gùn sí i lára. Sílíńdà mẹ́rin ló ní, wọ́n dùbúlẹ̀ ní méjì-méjì, wọ́n kọ ẹ̀yìn síra wọn bí ọmọ ìyá tó ń bínú.

Ariwo rẹ̀ ńkọ́? Àwọn àgbà wa tó sọ mọ́tò ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ó dájú pé kì í ṣe Ìjàpá ni wọ́n gbọ́ kí wọ́n tó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìjàpá kì í yọ́ kẹ́lẹ́ dé ibì kankan. Tí Bàbá wa bá ti yà sí òpópónà wa, ẹni tó wà ní ẹ̀yìnkùlé yóò ti mọ̀, àwa náà yóò sì ti sáré pa tẹlifíṣàn.

Bàbá mẹkáníìkì kan wà ní ìkángun òpópónà wa. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, wọn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ mọ́. A lọ kí wọn, a sì ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n bá wa wo ọkọ̀ náà. Wọ́n wá, ṣùgbọ́n wọn kò gba spánà lọ́wọ́ wa. Wọ́n fa àga, wọ́n jókòó, wọ́n ní: "Ẹ̀yin ìbejì, mọ́tò tí kò bá ṣiṣẹ́, ohun mẹ́ta péré lẹ máa bi í. Ṣé ó ń rí epo mu? Ṣé ó ń rí atẹ́gùn mí? Ṣé iná ń ta? Èyí tí kò bá dáhùn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun ni kí ẹ dojú kọ."

A bẹ̀rẹ̀ láti orí iná. A yá bátìrì lọ́wọ́ aládùúgbò. Táíwò yọ púlọ́ọ̀gì kan, ó ki wáyà bọ̀ ọ́ lórí, ó fi ara púlọ́ọ̀gì náà ti irin ẹ́ńjìnnì; Kẹ́hìndé yí kọ́kọ́rọ́. Kò sí nǹkan kan. A ṣí ibi tí kọ́ńtáàtì wà, a sì rí i pé ojú rẹ̀ méjèèjì ti dúdú. A fi sáńpépà kíkúnná nù ún, a sì fi àlàfo mílímítà 0.4 sí àárín wọn bí ìwé ọkọ̀ náà ti là á sílẹ̀. Nígbà tí Kẹ́hìndé tún yí kọ́kọ́rọ́, iná aláwọ̀ búlúù kan ta pàrà lẹ́nu púlọ́ọ̀gì. Ẹ má rẹ́rìn-ín o: a hó bí ìgbà tí Super Eagles bá gbá bọ́ọ̀lù wọlé.

Ó ku epo. Epo tó ti wà nínú táńkì fún ọdún mẹ́rin kì í ṣe epo mọ́. Ó ń rùn bí ọ̀dà, ó sì ti fi ohun kan tó dà bí oyin gbígbẹ sínú kàbúrétọ̀. A fà á jáde sínú kẹ́ẹ̀gì, a tú kàbúrétọ̀ sórí ìwé ìròyìn, a sì ń ya àwòrán ibi tí nǹkan kọ̀ọ̀kan ti jáde. Idẹ kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní jẹ́ẹ̀tì. Kò tóbi ju èékánná ọmọńdinrín lọ, ihò tó wà láàárín rẹ̀ sì rí tíńtín bí ojú abẹ́rẹ́. Inú ihò yẹn ni epo tó ń gbé Bàbá wa lọ sí ẹnu iṣẹ́ ń gbà kọjá lójoojúmọ́. A gbé e sókè sí oòrùn, a kò rí ìmọ́lẹ̀. A rẹ ẹ́ mọ́jú nínú oògùn tí wọ́n fi ń fọ kàbúrétọ̀, a fẹ́ atẹ́gùn sí i, a tún gbé e sókè. Ìmọ́lẹ̀ yọ láàárín rẹ̀, ó mọ́ roro. Àwa méjèèjì gbà á lọ́wọ́ ara wa wò bíi ìgbà mẹ́wàá.

Bí ìgbádùn iṣẹ́ yìí ṣe rí nìyẹn. Kì í ṣe pé mọ́tò náà ti gbéra. Kò tíì gbéra rárá. Ṣùgbọ́n ohun kan tó dí ti là, a sì mọ ìdí tó fi dí, a sì mọ ìdí tó fi là. Nínú kíláàsì, ìdáhùn ti wà lọ́wọ́ ẹni tó béèrè ìbéèrè kí a tó jókòó. Iṣẹ́ tiwa ni pé kí a sọ ọ́ bí wọ́n ṣe fẹ́ gbọ́ ọ. Mọ́tò kò mọ ẹni tó ń múpò kìíní. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Tí o bá ṣe é dáadáa, yóò dáhùn. Tí kò bá sì tíì dáhùn, ìwọ ṣì ní iṣẹ́ láti ṣe.

Sùúrù tún wà níbẹ̀. Orí ẹ́ńjìnnì Ìjàpá kì í ṣe irin líle. Ẹni tó bá fi agbára wé púlọ́ọ̀gì mọ́ ọn yóò ba ihò rẹ̀ jẹ́. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: láti kékeré ni a ti ń gbọ́ òwe yìí, ṣùgbọ́n inú gáréèjì ni ọwọ́ wa ti mọ̀ ọ́n. Ìka méjì la fi ń wé púlọ́ọ̀gì títí yóò fi jókòó, lẹ́yìn náà ni spánà á tó fọwọ́ kàn án. Kẹ́hìndé máa ń dirun fún àwọn èèyàn ní òpin ọ̀sẹ̀ (owó irun yìí ni a fi ra gbogbo ẹ̀yà tí a pààrọ̀), ó sì ní ọ̀kan náà ni pẹ̀lú irun: ẹni tó bá fa irun oníbàárà jù kò ní rí i mọ́.

Nígbà tí a lọ ra rọ́bà tuntun tí epo ń gbà kọjá, ní ọjà ẹ̀yà ara mọ́tò ní Aráròmí lẹ́bàá Agodi Gate, ọkùnrin tó ń tajà bi wá pé, "Mẹkáníìkì wo ló rán yín?" A ní àwa la rán ara wa. Ó wò wá títí, ó bi wá pé kí la fẹ́ fi rọ́bà náà ṣe. A ṣàlàyé pé òkè ẹ́ńjìnnì Ìjàpá gbóná púpọ̀, pé rọ́bà tó ti gbó lè la, kí epo kán sórí rẹ̀, kí iná sì ràn. Ó dá èyí tó mú lọ́wọ́ padà, ó wọ inú lọ, ó mú òmíràn wá. Ó ní, "Èyí ni kí ẹ̀yin lò."

Iṣẹ́ tó gùn jù ni ti fáàfù. Mẹ́jọ ni wọ́n, ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù pátápátá ni wọ́n sì ń tò wọ́n. Àlàfo mílímítà 0.15 ni ìkọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní. Kò nípọn ju bébà méjì lọ. Táíwò dùbúlẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀, Kẹ́hìndé dúró lókè, ó ń fi spánà yí púlì. Ó kúkú bá àṣà mu: Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, Táíwò ló sì máa ń rán síwájú pé kó lọ wo bí ayé ti rí. Nígbà tí a ń wá òṣùwọ̀n yẹn nínú àpótí iwájú ọkọ̀ ni a rí ìwé kékeré kan pẹ̀lú ẹfun tíṣà méjì tó ti ṣẹ́. Ọwọ́ Bàbá wa ló wà nínú ìwé náà: ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì, iye tí wọ́n ra táyà. Ní ojú ewé bíi mẹ́fà ni wọ́n ti kọ ọ́ pé: "Fáàfù, 0.15. Mo ṣe é fúnra mi."

Àwa kò mọ̀ rí. Ní àárọ̀ Sátidé, wọ́n máa ń ní àwọn fẹ́ fọ mọ́tò, àwa a sì lọ dirun. Bàbá wa kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Tí a bá bi wọ́n léèrè ohun tó ju ẹ̀kọ́ ilé-ìwé lọ, wọn á ní ká lọ sùn. Ṣùgbọ́n nínú gáréèjì yẹn, ọwọ́ wa wà níbi tí ọwọ́ wọn ti wà, orí ìṣó kan náà, àlàfo kan náà. A kò mọ ọ̀nà mìíràn tí a lè gbà bá wọn jókòó báyìí.

Kẹ́hìndé náà rí tirẹ̀ kó. Ó ń kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí Bàbá mẹkáníìkì bá sọ sílẹ̀. Ara ènìyàn ni wọ́n fi ń sọ mọ́tò: ó ń sín, ó ń wúkọ́, ó ń pòǹgbẹ, ó ti rẹ̀ ẹ́, bíréèkì rẹ̀ kì í gbọ́ràn. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń dún, wọ́n á ti ẹnu ìtúdè gígùn bọ ara rẹ̀, wọ́n á fi ìdí rẹ̀ sí etí bí dókítà.

Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí a wọlé nígbà tí ọkọ̀ náà dáhùn. Ó sín lẹ́ẹ̀mejì, ó wúkọ́, ó sì gbá a. A ti ṣí ilẹ̀kùn gáréèjì sílẹ̀ gbayawu, nítorí èéfín mọ́tò nínú yàrá pípadé lè pa ènìyàn. Màmá wa jáde láti ilé ìdáná, ọbẹ̀ ṣì ń kán lára ìgbákọ. Wọ́n dúró, wọ́n ń gbọ́ ọ. Wọ́n ní, "Ohùn rẹ̀ nìyẹn," wọ́n sì padà sídìí ọbẹ̀ wọn.

Gáréèjì ti di ṣọ́ọ̀bù. Téló kan ló wà níbẹ̀, owó ọdún kan tó san sì wà nínú owó ilé-ẹ̀kọ́ tí a san ní sẹ́mẹ́sítà yìí. Bó ṣe yẹ kó rí náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí oníirin àlòkù padà wá, Màmá wa ní mọ́tò kọ́ ni àwọn ń tà mọ́. Abẹ́ igi máńgòrò ni Ìjàpá wà báyìí, a fi tapólì bò ó. Tí a bá wálé, a ó ṣí i. Tí òjò bá sì rọ̀, téló á ní ká kó spánà wa sínú ṣọ́ọ̀bù òun.

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, kò di dandan kí ẹ ní mọ́tò. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tó wà lẹ́yìnkùlé yín náà ní púlọ́ọ̀gì àti kàbúrétọ̀, ìbéèrè mẹ́ta yẹn náà sì ni yóò dáhùn. Ẹ pa á, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ wá ìwé ìròyìn tẹ́lẹ̀. Tí mọ́tò bá sì ni, ẹ má ṣe wọ abẹ́ èyí tí jáàkì nìkan gbé dúró. Ẹ fi ẹsẹ̀ irin tì í, kí ẹ sì fi òkúta dí táyà. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ béèrè ẹni tó ti ń tún un ṣe tẹ́lẹ̀ nílé yín. Ó lè jẹ́ ẹni tí ẹ kò fọkàn sí.